Aró tí a dà sẹ́yìn ògiri

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ọ̀sà bá fà, ògiri èbúté wa a yọ láti orí dé ìdí: yangí pupa tí wọ́n tò léra, tí ewé inú omi ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí okùn ọkọ̀ àti ìdí àwọn ọmọdé sì ti mú kí orí rẹ̀ dán bí ojú ọlọ. Ìyá ìyá mi bá a níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ àpò gàrí kalẹ̀ sí kí ọkọ̀ tó kó o lọ sí Ẹjìnrìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gba iyọ̀ àti aṣọ tó ń ti Èkó bọ̀. Ẹ má bi mí pé ìlú wo ni. Etí ọ̀sà Lẹ́kí ni, lápá Ògùn Waterside, ìyẹn náà tó. Àwọn ará ilé mi ń ka ohun tí mò ń kọ, inú àwọn kan nínú wọn kò sì tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Oṣù Ọ̀wàrà 2022 ni ọ̀ràn náà dé. Ọdún yẹn ni omi ya wọ ìlú káàkiri Nàìjíríà, tí èèyàn tó lé ní 600 bá a lọ. Tiwa kò pa ẹnì kan. Ó gun orí ògiri, ó wọ ọjà ẹja, ó lo ọjọ́ mẹ́rin, ó padà síbi tó ti wá. Ẹ̀yìn ìgbà tó padà ni ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri lu. Obìnrin kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ dé láàárọ̀, ó bá ààrò rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu yó. Lábẹ́ ààrò náà, ihò kan wà tí ẹnu rẹ̀ kò ju ẹnu ìkòkò lọ. Wọ́n ki ọ̀pá ìtukọ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀pá wọlé tán, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e.

Wọ́n pe ìpàdé. Bí ẹ bá mọ ìpàdé ìlú ní Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé a ní láti yan alága, akọ̀wé àti akápò kí a tó mọ ohun tó ń ṣe wá. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì ṣe àṣìṣe pé mo gbé e wá. Ìpinnu àkọ́kọ́ rọrùn: ẹ da yanrìn sí i. A ra yanrìn típà méje, a dà á, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹlẹ́ja gbé ààrò rẹ̀ padà. Kí oṣù Èrèlé 2023 tó parí, ààrò tún ti tẹ̀. Yanrìn típà méje ti lọ, a kò sì rí ẹni tó jí i.

Ẹni tó yọ wá ni ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa. Bàbá Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n dé, wọ́n rìn lórí ògiri láti ìkángun dé ìkángun, wọ́n ní kí a lọ wá aró wá. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ẹnì kan bi wọ́n bóyá kí a fi adìyẹ kún un. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣáà mú aró wá. Ẹ fi adìyẹ sílẹ̀." Èmi ni mo lọ sí Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mo ra aró kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ àwọn aláàdìrẹ, mo sì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ nínú mọ́tò, tí mò ń gbàdúrà kó má dà sí aṣọ ẹnikẹ́ni.

A da aró sínú ihò, a fi ẹ́ńjìnnì fa omi tẹ̀ lé e. Gbogbo ìlú dúró lórí ògiri, wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀gangan ihò. Ọmọdé kan ló kígbe láti òkèèrè. Aró ń tú jáde lábẹ́ omi, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ibi tí àwa dúró sí, ó ń yí bí èéfín, ó sì ń kun ìdí ọkọ̀ ẹnì kan. Kò pẹ́, ó tún yọ níbòmíràn. Ibi tí ilẹ̀ ti ń gbé yanrìn mì ni a ti ń dí láti ọjọ́ yìí. Ibi tó ń pọ̀ ọ́ sí, a kò wá a rí.

Bàbá jókòó, wọ́n ṣàlàyé bí ògiri etí omi ṣe ń kú. Ìdí ló ti ń kú wá. Ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì a máa gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, a máa gbẹ́ yanrìn tí ó dúró lé díẹ̀díẹ̀, títí ògiri yóò fi yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ omi níbi tí ojú kò tó. Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì wà lẹ́yìn. Bí ọ̀sà bá kún, omi a wọnú ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri. Bí ọ̀sà bá fà, omi inú ilẹ̀ kò lè tètè bá a fà. Ó dúró sẹ́yìn, ó ń ti ògiri lọ síwájú. Àwọn tó mọ ògiri náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ojú ihò kéékèèké sílẹ̀ láàárín yangí kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Àwa ọmọ wọn ni a fi sìmẹ́ńtì dí ihò wọ̀nyẹn kí ògiri lè dán. Mo rántí ọdún tí wọ́n rẹ́ ẹ, mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, a sì ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Omi tí a há mọ́ wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó ń yọ́ kọjá láàárín òkúta, ó sì ń kó yanrìn dání bó ṣe ń lọ. Sìmẹ́ńtì náà tún le ju yangí lọ. Bí wàhálà bá dé láàárín àwọn méjèèjì, yangí ló ń fọ́.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni fún ògiri ilé. Ti etí omi, bí kò bá lanu, yóò wó. "Asẹ́ ni kí ẹ fi ṣe," Bàbá wí, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ìyá tó ń sẹ́ ògì. "Kí omi jáde, kí yanrìn dúró."

A pe agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta. Èkíní ní kí a wó gbogbo rẹ̀, òun yóò fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn. Èkejì kò wo ju òkè lọ. Ó ní òun yóò tún un rẹ́, òun yóò sì lẹ táìsì mọ́ orí rẹ̀. Táìsì! Lórí èbúté tí ẹlẹ́ja ń fi ẹsẹ̀ tútù gùn. Ẹ̀kẹta bọ́ ṣòkòtò, ó wọ omi, ó fi ẹsẹ̀ tọ ìdí ògiri lọ títí ó fi dé ìkángun. Bíríkìlà lásán ni, kò ní ilé iṣẹ́ tó lórúkọ. Òun ni a mú, kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú Bàbá Ẹnjiníà. Ìṣirò tí àwọn méjèèjì jọ ṣe ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023 jẹ́ 7,200,000 náírà.

Ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún kan náà ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Ẹ mọ ìyókù. Nígbà tó fi di Èrèlé 2024, tí àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, ìṣirò wa ti di 15,600,000. Gbogbo owó tí a ti dá nílé-ló-jilé jẹ́ 3,100,000. Mo máa ń ṣí ìwé owó náà lóru, mò ń wò ó bí ẹni pé yóò pọ̀ sí i.

A kọ lẹ́tà sí ìjọba. Mi ò ní sọ ọ́fíìsì wo. Ọ̀kan ní omi kò sí lábẹ́ àwọn, èkejì ní ilẹ̀ kò sí lábẹ́ àwọn, ògiri sì wà láàárín omi àti ilẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a lẹ́jọ́ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ orí àwọn ọ̀nà omi abẹ́lé wà. Mo ka ìròyìn náà sí ìgbìmọ̀ létí, mo rò pé mo gbé ohun ńlá wá. Ìyá Ọjà gbọ́ mi tán, wọ́n ní: "A ti mọ ẹni tó ni omi. Lèsí ló ni ògiri?"

Ẹnì kan dábàá pé kí a lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin wà fún un láti 1979, tó fi ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí lé àjọ ìjọba àpapọ̀ kan lọ́wọ́. Mi ò takò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ Erédò Sùngbọ́: yàrà àti òkìtì tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Láti 1995 ni ó ti wà nínú ìwé àwọn ohun tí Nàìjíríà ń retí kí UNESCO gbà wọlé. Bí ohun tó tóbi tó báyẹn bá ṣì wà lórí ìlà, ògiri tí kò pé 90 mítà yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń yọ mí lẹ́nu ní gbogbo àsìkò yìí tí mi ò lè sọ ní ìpàdé. Ní 2019 mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní England, ọkọ wọn sì fi mọ́tò gbé wa lọ sí Cornwall, ní ìkángun ilẹ̀ wọn. Èbúté kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mullion, apá ògiri òkúta méjì tó nawọ́ síra wọn nínú òkun. 1895 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọlọ́lá kan, Lord Robartes, ló náwó sí i nítorí àwọn apẹja. Láti 1945 ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́. Òkun ibẹ̀ àti ọ̀sà wa kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ó bá bínú, ó ń fi òkúta ṣeré ni. Ní 2006, lẹ́yìn ìwádìí, ẹgbẹ́ náà pinnu pé àwọn yóò máa tún ògiri náà ṣe níwọ̀n ìgbà tí agbára bá ká a, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjì bá bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe, àwọn yóò yọwọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún ará ìlú lójú ara wọn. Mo dúró lórí ògiri tí wọ́n ti kọ ìwé ikú rẹ̀ sílẹ̀, tí bíríkìlà sì ṣì ń lẹ̀ ẹ́. N kò mọ bí mo ṣe lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn tí bàbá wọn so ọkọ̀ mọ́ ògiri tiwa.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tún sọ fún mi pé owó tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀pọ̀ àtúnṣe ohun àtijọ́ lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà tí tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ni apá kan owó náà ti ń lọ síbẹ̀. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń pe tẹ́tẹ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Baba Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá ń san kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan fún wa lórí orúkọ nìkan, wúrà ni à bá fi mọ ògiri.

Níkẹyìn mo sọ ìtàn Mullion fún Bàbá Ẹnjiníà, àwa méjì péré. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, kí ni à ń tún ṣe gan-an? Ṣé òkúta ni, àbí èbúté?"

Èmi náà kò dáhùn. Mo lọ wá owó.

Ọ̀dọ̀ régbérégbé ni mo gbà lọ. Ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú lè rò pé ẹgbẹ́ aṣọ ni, nítorí ó rí wọn ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, nínú òfì àti dàmáásìkì, tí ẹṣin ń jó. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni, àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn, wọ́n sì máa ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní oṣù Òkúdù 2024, ọdún tí àwòrán Ojúde Ọba gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, mo lọ bá ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn àríyá. Wọ́n gbà mí dáadáa. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Mo fi fọ́tò aró hàn wọ́n lórí fóònù. Alága wọn wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n ní: "Ó dára, àbúrò. Ibo ni a ó kọ orúkọ wa sí?"

Mo ní abẹ́ omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà.

"Abẹ́ omi kẹ̀?"

Mi ò bínú sí wọn, tàbí kí n sọ pé mi ò bínú mọ́. Ẹni tó dáwó fẹ́ kí ọmọ òun rí ohun tí òun ṣe. Ilé ìwòsàn ní orí ilẹ̀kùn tí a lè kọ nǹkan sí, ìdí ògiri kò ní. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ géètì kan fún wa ní ẹnu ọ̀nà èbúté, òpó méjì, irin gbọọrọ lókè, orúkọ gbogbo wọn lára rẹ̀. Ó wuyì. Èbúté náà kò ní ọgbà o. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba géètì, kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìyá Ọjà ló tú u. Wọ́n dìde ní ìpàdé, wọ́n ní àwọn ló ń gun ògiri yìí lójoojúmọ́, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gúnlẹ̀ máa san 200 náírà, kí agbada ẹja kọ̀ọ̀kan san 100. Wọ́n tún ti mọ ibi tí wọn yóò ti máa gbà á. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn sábẹ́ orúkọ régbérégbé, lẹ́nu géètì, géètì sì rí iṣẹ́ ṣe.

Owó ibodè ni, àbí kí la fẹ́ pè é? Bí Ìjẹ̀bú ṣe di Ìjẹ̀bú náà nìyẹn. A jókòó sáàárín ọ̀sà àti òkè. Ẹrù Èkó kò gbọdọ̀ wọlé, ẹrù inú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde, àfi kó gba ọwọ́ wa, oníbodè sì ń gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tí a dí yìí náà ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orí ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Èbìbí 1892, kí wọ́n tó bá wa jà ní Ìmagbọn. Lẹ́yìn ìyẹn, rélùwéè Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, kò yà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ ilẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ omi. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ẹ̀pẹ́ àti Ẹjìnrìn bọ́ sọ́hùn-ún, àwa kù síhìn-ín pẹ̀lú ògiri. Kò sí oníbodè tó jókòó sí èbúté wa mọ́ títí Ìyá Ọjà fi gbé àpótí wọn dé.

Síbẹ̀, ara mi kò gbà á. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé pé kò tọ́ kí obìnrin tó ń ta ẹja abọ́ kan máa san owó ògiri, kí àwọn ọmọ ìlú tó ra ẹṣin máa wò ó. Ìyá Ọjà ní kí n jókòó. "Ọmọ mi, bí mo bá san án, mo lè bi yín bí ẹ ṣe ná an." Wọ́n sì bi wá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mò ń ka ìwé owó sí wọn létí lẹ́nu géètì. Ọjọ́ kan, wọ́n dá mi dúró lórí 4,500 náírà tí mo kọ "omi mímu" sí iwájú rẹ̀. Wọ́n bi mí pé mélòó ni wa tí a mu omi tó tó bẹ́ẹ̀ létí ọ̀sà.

Ọkọ̀ àti agbada mú 3,400,000 wá. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi 2,200,000 ránṣẹ́. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, 8,700,000 ni, iṣẹ́ sì jẹ́ 15,600,000. Ibẹ̀ ni a ti padà sórí ìbéèrè Bàbá. Bí ó bá jẹ́ òkúta ni à ń tún ṣe, owó kò tó. Bí ó bá jẹ́ èbúté, ó lè tó. A rìn ín, a wo ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí lóòótọ́, a gé ògiri sí mẹ́ta lórí ìwé. Ibi tí aró ti jáde ni àkọ́kọ́. Àárín yóò dúró de owó. Ìkángun ìlà-oòrùn, bí 20 mítà, tí ọkọ̀ kankan kì í yà sí mọ́, a kọ ọ́ pé a ó máa wò ó, ṣùgbọ́n bí ó bá wó, a kò ní tún un mọ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbólóhùn yẹn. Bàbá àgbà kan, tí bàbá wọn ń so ọkọ̀ mọ́ ìkángun yẹn, kò dá mi lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń kí wọn, wọ́n ń wo ọ̀sà.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí omi ti fà. Wọ́n fi àpò yanrìn ṣe ìdènà sínú ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì ń fa omi tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ìdí ògiri yọ, ó wó àyà mi: mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó wọlé dé èjìká. Gbogbo yangí yẹn, gbogbo gàrí ìyá ìyá mi, orí òfo ni ó dúró lé. Bíríkìlà po yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì ní gbígbẹ, kò bu omi sí i, ó rọ ọ́ sínú àpò jútù, ó tò wọ́n sábẹ́ ògiri bí ẹni tó ń to búrẹ́dì, ó sì ń fi irin gún wọn pọ̀. Ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni yóò rin ín, tí yóò sọ ọ́ di kọnkéré. Lẹ́yìn ògiri, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ kan tí a rà l'Ékòó tó ń jẹ́ kí omi kọjá tó sì ń dá yanrìn dúró, wọ́n kó òkúta sí i, wọ́n ki páìpù gba ojú ihò àtijọ́ tí àwa ti dí. Lójú ògiri, wọ́n fi òòlù gbá gbogbo sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ nígbà èwe mi kúrò, wọ́n sì fi ẹfun ìmọlé tí wọ́n ń pè ní lime, tó rọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, dí àárín yangí. Owó tó wọlé sí i jẹ́ 8,400,000. Ìyá Ọjà ní kí 300,000 tó kù má kúrò ní báńkì. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni, àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Mo fi fọ́tò sórí WhatsApp ìlú: kí a tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a parí. Èsì àkọ́kọ́ wá láti Houston: "Ibo ni iṣẹ́ náà wà?" Kò jẹ̀bi. Omi ti kún padà, àpò kọnkéré ti wọlẹ̀, ògiri tí a sì bó lára burẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n tún ya fọ́tò mìíràn. Mo ya géètì fún wọn.

Kí bíríkìlà tó jẹ́ kí omi wọlé padà, ó fi ìṣó kọ 2025 sára kọnkéré tó kẹ́yìn, kí ó tó gbẹ tán. Ní oṣù Èrèlé ọdún yìí, mo gba ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá wò ó. Omi kò tíì fà tó. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo wọ ọ̀sà, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá a kiri. Mo kan 2. Mo kan òdo. Mo kan 2 kejì. Ibi tí 5 yẹ kó wà, ìgbín omi kan ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Ọjà ń pè mí láti ẹnu géètì pé ọkọ̀ tó gbé mi wá kò tíì san 200 náírà.